AI oníṣẹ́ kan àti AGI: níbo gan-an ni ìyàtọ̀ wọn wà?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997, ní ìlú New York, kọ̀ǹpútà kan tí ilé-iṣẹ́ IBM ṣe, tí wọ́n sọ ní Deep Blue, na Garry Kasparov nínú eré chess. Kasparov ni ọ̀gá àwọn tó ń ta chess lágbàáyé nígbà náà. Eré mẹ́fà ni wọ́n ta. Ẹ̀rọ gba máàkì 3.5, Kasparov gba 2.5. Àwọn oníròyìn gbé e káàkiri ayé bí ẹni pé ọpọlọ ọmọ ènìyàn ti rí ọ̀gá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan tọ Deep Blue lọ lọ́jọ́ kejì pé kó wá ta dráàfù, eré tí ọmọdé ń kọ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kò ní lè sún ọmọ kan ṣoṣo lórí pátákó. Kò mọ̀ pé òun ta eré kankan, ká má tilẹ̀ wá sọ pé yóò mọ̀ pé òun borí. Gbogbo ohun tó lè ṣe kò ju pé kó yẹ nǹkan bíi 200 mílíọ̀nù ipò chess wò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kó sì mú ìgbésẹ̀ tó dára jù nínú wọn. Kasparov tí wọ́n nà dìde lórí àga, ó bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ tìbínú-tìbínú, nígbà tó ṣe ó kọ ìwé, ó sì kó sínú òṣèlú gẹ́gẹ́ bí alátakò ìjọba ní Rọ́ṣíà. Ọpọlọ kan náà tó fi ń ta chess ló fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Irú Deep Blue yìí ni mo máa pè ní AI oníṣẹ́ kan: ọgbọ́n àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ kan, tàbí fún ọ̀wọ́ iṣẹ́ tó fara jọra, tí kò sì lè gbé ohun tó mọ̀ kọjá ibẹ̀. Irú kejì ni AGI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá gbogboogbò: ẹ̀rọ tí a óò gbé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò múra rẹ̀ sílẹ̀ fún síwájú rẹ̀, tí yóò sì wá ọgbọ́n tí yóò fi ṣe é, bí ènìyàn ṣe máa ń ṣe. Irú àkọ́kọ́ wà níbi gbogbo. Irú kejì, kò tíì sí ẹni tó ṣe é tí àwọn onímọ̀ jọ fẹnu kò pé òun nìyí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú ni ti àwọn ẹ̀rọ bíi ChatGPT, tí kò jókòó dáadáa sí ìhà kankan nínú méjèèjì. Mo máa pẹ́ díẹ̀ lórí wọn tí a bá débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń gbọ́ "oníṣẹ́ kan" bí ẹni gbọ́ "aláìlágbára". Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ ìṣirò kékeré tó wà nínú fóònù yín yára ju ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò tó dáńtọ́ jù lọ, kò sì sẹ́ni tó ń bẹ̀rù pé yóò gba ayé. AlphaFold tí DeepMind, ilé-iṣẹ́ AI tó jẹ́ ti Google, ṣe náà jẹ́ AI oníṣẹ́ kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó wo bí àwọn èròjà inú protein ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, kó wá sọ bí protein náà yóò ṣe ká lọ́ra wọn àti ìrísí tí yóò ní. Nǹkan bí 50 ọdún ni àwọn onímọ̀ ti fi ń bá ìṣòro yìí wọ̀yá ìjà. Ní 2020, AlphaFold yọrí nínú ìdíje tí wọ́n fi ń dán irú iṣẹ́ yìí wò, ó sì fi gbogbo àwọn yòókù sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tó fi máa di 2022, ìrísí protein tó ju 200 mílíọ̀nù ni wọ́n ti gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2024, Demis Hassabis àti John Jumper gba ìdajì ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́míkà nítorí rẹ̀, David Baker sì gba ìdajì yòókù fún iṣẹ́ tirẹ̀ lórí ṣíṣe protein tuntun. AlphaFold fúnra rẹ̀ kò lè kọ lẹ́tà ọpẹ́ onílà mẹ́ta.

Bí ẹ bá yẹ fóònù yín wò, AI oníṣẹ́ kan ló kún inú rẹ̀: èyí tó ń dá ojú yín mọ̀ kó tó ṣí, èyí tó ń da lẹ́tà jìbìtì sọ́tọ̀, èyí tó ń yan fídíò tó kàn fún yín, èyí tó ń sọ ọ̀nà tó yá jù. Kò sí èyí tó lè ṣe iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Kí ló dé tí kò lè yà kúrò lójú iṣẹ́ rẹ̀?

Ìdáhùn wà nínú bó ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní ti Deep Blue, àwọn ènìyàn ló kọ òfin chess àti ohun tí àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ mọ̀ sínú rẹ̀. Àwọn tòde òní yàtọ̀. Àpẹẹrẹ rẹpẹtẹ ni wọ́n máa ń kó fún ẹ̀rọ, kó máa méfò, kí wọ́n máa fún un ní máàkì, kó sì máa yí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ títí máàkì yóò fi gòkè. Àwọn nọ́ńbà yìí lè tó mílíọ̀nù, wọ́n lè tó bílíọ̀nù. Kò sí ibì kankan níbẹ̀ tí ẹnì kan kọ ọ́ sí pé báyìí ni ojú ènìyàn ṣe rí, tàbí pé báyìí ni àrùn ṣe ń hàn. Ohunkóhun tó bá ti lè mú máàkì gòkè ti dára lójú ẹ̀rọ, yálà òun la ní lọ́kàn tàbí òun kọ́.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 fi èyí hàn kedere. Àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà kọ́ ẹ̀rọ kan láti máa wo fọ́tò X-ray àyà, kó sọ bóyá òtútù àyà wà níbẹ̀. Ó ṣe dáadáa lórí fọ́tò tó wá láti ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n gbé fọ́tò ilé ìwòsàn mìíràn síwájú rẹ̀, máàkì rẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n tú u wò, wọ́n sì rí i pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè wo fọ́tò kó sọ ilé ìwòsàn tó ti wá, kó má sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì í rárá. Aláìsàn òtútù àyà sì pọ̀ ní ilé ìwòsàn kan ju òmíràn lọ. Bí ẹ̀rọ bá ti dá ilé ìwòsàn mọ̀, ó ti rí ọ̀nà àbùjá gba ibi ìdáhùn. Dókítà tó bá kó láti ilé ìwòsàn kan lọ sí òmíràn kò ní gbàgbé bí òtútù àyà ṣe rí. Ẹ̀rọ yìí kò gbàgbé nǹkan kan o. Ohun tí a rò pé ó mọ̀ gan-an ni kò fìgbà kan mọ̀ délẹ̀.

Ti eré fídíò tún wà. Ní 2015, DeepMind fi hàn pé ìlànà kan ṣoṣo lè kọ́ ẹ̀rọ ní eré Atari 49, tó sì mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn ta bí ẹni tó fi ṣe iṣẹ́. Ó dà bí ohun gbogboogbò, àbí? Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti kọ́ ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún eré kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kọ́ nínú ọ̀kan kò ràn án lọ́wọ́ nínú òmíràn. Ní 2017, àwọn olùwádìí míì mú Breakout, eré tí wọ́n ti ń fi pátákó kékeré kan gbá bọ́ọ̀lù sókè kó lè fọ́ búlọ́ọ̀kù. Wọ́n kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi di ọ̀gá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé pátákó yẹn sókè díẹ̀ báyìí lójú ìbòjú. Ènìyàn tó ń ta eré náà lè má tilẹ̀ fura. Ẹ̀rọ náà kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì mọ́.

Èyí tó ya èmi lẹ́nu jù ni ti Go, eré àwọn ará Ṣáínà tó ti wà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, ní Seoul, AlphaGo, ẹ̀rọ tí DeepMind ṣe, na Lee Sedol, ọ̀kan lára àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ tó ga jù nínú eré náà, 4 sí 1. Nígbà tó di 2019, Lee fẹ̀yìn tì, ó ní bí òun tilẹ̀ di ẹni kìíní láyé, ohun kan wà tí ènìyàn kò lè borí. Gbogbo ayé gbà pé ọ̀rọ̀ Go ti parí. Àfi bó ṣe di 2022 wọ 2023, tí àwọn olùwádìí rí àlébù kan lára KataGo, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ Go tó lágbára jù lọ, tó ju àwọn ọ̀jẹ̀ ènìyàn lọ dáadáa. Ọgbọ́n tí wọ́n dá kò le: ẹ máa fi òkúta yín yí òkúta ẹ̀rọ ká díẹ̀díẹ̀ ní òbírí ńlá kan, kí ẹ sì máa tà níbòmíràn kí ojú rẹ̀ má bàa sí níbẹ̀. Ẹnì kan tó mọ Go dáadáa ṣùgbọ́n tí kò sí lára àwọn ọ̀jẹ̀ gbogbo ayé lo ọgbọ́n yìí, ó sì borí nínú eré 14 lára 15. Ènìyàn tó ń kọ́ Go bọ̀ lásán yóò rí i pé wọ́n ti ń yí òun ká. Ẹ̀rọ tó na àwọn ọ̀gá kò rí i, nítorí pé irú ìrísí bẹ́ẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wáyé nínú àìmọye eré tó fi kẹ́kọ̀ọ́.

Nítorí náà, máàkì gíga ń sọ fún wa pé ẹ̀rọ ṣe dáadáa nínú ohun tó jọ ohun tó ti rí. Ìyẹn nìkan ló ń sọ. Bí a bá fẹ́ mọ bí yóò ṣe ṣe lẹ́yìn odi, a ní láti gbé e lọ sẹ́yìn odi.

Kí ni yóò wá jẹ́ AGI?

Àwọn kan rò pé èrò tuntun ni AGI, pé àwọn ilé-iṣẹ́ òde òní ló hùmọ̀ rẹ̀ láti fi ta ọjà. Ní tòótọ́, òun gan-an ni àlá àkọ́kọ́. Ní 1955, àwọn onímọ̀ mẹ́rin, John McCarthy, Marvin Minsky, Claude Shannon àti Nathaniel Rochester, kọ̀wé béèrè owó fún ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth ní Amẹ́ríkà lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni orúkọ AI ti wọlé. Ohun tí wọ́n sọ pé àwọn gbà gbọ́ ni pé gbogbo ìhà ẹ̀kọ́ kíkọ́ àti òye ni a lè ṣàlàyé fínnífínní débi tí ẹ̀rọ yóò fi lè ṣe é. Ohun gbogboogbò ni wọ́n ń wá. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń le sí i, àwọn tó tẹ̀lé wọn yà sí ohun tó ṣeé ṣe: ẹ̀rọ tó ń ta chess, ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà lára sọ̀wédowó, ẹ̀rọ tó ń gba dókítà nímọ̀ràn lórí irú àrùn kan. Ó wá ku díẹ̀ kí a gbàgbé pé ṣe ni wọ́n yà kúrò lójú ọ̀nà àkọ́kọ́. Nígbà tí àwọn kan tún fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àlá àtijọ́ ní nǹkan bí 20 ọdún sẹ́yìn sí ìsinsìnyí, wọ́n ní láti wá orúkọ mìíràn fún un, òun la wá ń pè ní AGI.

Ohun tó máa ń mú kí òye ènìyàn jẹ́ gbogboogbò kì í ṣe pé ènìyàn mọ ohun gbogbo. Kò sẹ́ni tó mọ ohun gbogbo. Ohun tó ṣe kókó ni pé ènìyàn lè mú ohun tó kọ́ níbì kan lò níbòmíràn, ó lè rí àpẹẹrẹ kan tàbí méjì péré kó ti mọ ohun tó ń lọ, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ gbogbo láìjẹ́ pé ẹnì kan tún un ṣe láti ìpilẹ̀, ó sì máa ń mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti ju òun lọ. Steve Wozniak, ọ̀kan lára àwọn tó dá Apple sílẹ̀, dá ìdánwò kan lábàá tó rọrùn láti rántí: kí róbọ́ọ̀tì wọ ilé tí kò dé rí, kó sì po kọfí. Yóò wá ibi ìdáná, yóò dá ẹ̀rọ kọfí mọ̀ bó ti wù kó rí, yóò wá ife, yóò wá omi, yóò mọ bọ́tìnnì tó yẹ kó tẹ̀. Kò sí ohun tó le níbẹ̀ fún ọ̀dọ́mọdé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a lè kọ́ sílẹ̀ tán ṣáájú. Hans Moravec, onímọ̀ róbọ́ọ̀tì, ti ṣàkíyèsí rẹ̀ láti 1988 pé ohun tó le fún ènìyàn, bíi chess, máa ń rọ ẹ̀rọ lọ́rùn, nígbà tí ohun tí ọmọ ọdún kan ń ṣe, bíi rírìn kiri yàrá àti mímú nǹkan, máa ń ṣòro fún ẹ̀rọ gan-an.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da AGI pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Bóyá ẹ̀rọ mọ̀ pé òun wà láàyè, bóyá ó ń ní ìmọ̀lára, ìbéèrè ọ̀tọ̀ nìyẹn. John Searle, onímọ̀ ọgbọ́n orí, jà lé e lórí ní 1980, ìjà náà kò sì tíì parí. Ẹ̀rọ lè ṣe gbogbo iṣẹ́ ọpọlọ láìní ọkàn, ó kéré tán nínú èrò orí. Bákan náà ni AGI kì í ṣe ẹ̀rọ tó gbọ́n ju gbogbo ènìyàn lọ. I. J. Good, onímọ̀ ìṣirò, kọ nípa irú èyí ní 1965, ó ní bí ẹ̀rọ bá lè ṣe ẹ̀rọ tó gbọ́n jù ú lọ, òye ẹ̀rọ yóò fi ti ènìyàn sẹ́yìn pátápátá. Àwọn kan gbà pé bí AGI bá ti dé, ìyẹn kò ní pẹ́ dé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n.

Ti ChatGPT àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn ẹ̀rọ yìí láti ṣe kò tó nǹkan tí a bá gbọ́ ọ. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ tó pọ̀ lọ súà láti inú ìwé àti íntánẹ́ẹ̀tì fún un, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó máa méfò ègé ọ̀rọ̀ tó kàn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn ènìyàn máa ń fún ìdáhùn rẹ̀ ní máàkì kó lè mọ bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè. Bí a bá fi ojú àtijọ́ wò ó, iṣẹ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ẹni tó bá fẹ́ méfò ọ̀rọ̀ tó kàn nínú ìwé ìṣirò dáadáa, yóò dára kó mọ ìṣirò díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ méfò èyí tó kàn nínú ìtumọ̀ láti èdè Faransé sí ti Jámánì, yóò dára kó gbọ́ èdè méjèèjì. Iṣẹ́ kékeré yẹn ń gba ẹnu gbogbo iṣẹ́ kọjá. Nígbà tí OpenAI, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT, gbé ẹ̀rọ GPT-3 jáde ní 2020, pẹ̀lú nọ́ńbà inú rẹ̀ tó tó 175 bílíọ̀nù, àwọn ènìyàn rí i pé bí wọ́n bá kàn kọ àpẹẹrẹ méjì mẹ́ta síwájú rẹ̀, ó lè ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò dìídì kọ́ ọ. ChatGPT dé ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, gbogbo ayé sì fojú ara wọn rí i.

Láti ìgbà náà ni odi tó wà láàárín irú AI méjèèjì ti sán. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn olùwádìí ní Microsoft kọ̀wé pé àwọn ti rí iná AGI tó ń ta pàrà lára GPT-4. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2025, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn bá ènìyàn kan àti ẹ̀rọ kan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sọ èyí tó jẹ́ ènìyàn. Nígbà tí wọ́n ní kí GPT-4.5 ṣe bí irú ènìyàn kan, òun ni wọ́n mú pé ó jẹ́ ènìyàn ní ìdá 73 nínú 100. Irú ìdánwò tí Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò, dá lábàá ní 1950 nìyẹn. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ẹ̀rọ Google DeepMind àti ti OpenAI yanjú márùn-ún nínú ìbéèrè mẹ́fà ìdíje ìṣirò àgbáyé tàwọn ọmọ ilé-ìwé girama, ohun tó tó gba góòlù.

Kí ló wá kù? Ohun tó kù pọ̀, kò sì rọrùn láti rí níta.

Èyí àkọ́kọ́ ni pé agbára wọn rí gbágungbàgun. Fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀rọ tó lè kọ ètò kọ̀ǹpútà gígùn kò lè sọ iye "r" tó wà nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà strawberry. Ìdí rẹ̀ ni pé kì í rí lẹ́tà lẹ́yọ lẹ́yọ. Ègé ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń gé fún un, ègé kọ̀ọ̀kan sì ti di nọ́ńbà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti dí ihò yìí, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ṣì wà, a kì í sì í mọ ibi tí wọ́n wà títí ẹnì kan yóò fi já sínú wọn. Lára ènìyàn, bí ẹ bá rí ẹni tó ń yanjú ìbéèrè ìdíje ìṣirò àgbáyé, ẹ ti mọ ohun púpọ̀ nípa ohun mìíràn tó lè ṣe. Lára ẹ̀rọ yìí, ẹ kò mọ̀.

Èkejì ni èyí tí mo rò pé ó wúwo jù, tí àwọn ènìyàn kì í sì í sọ púpọ̀. Bí wọ́n bá ti parí kíkọ́ ẹ̀rọ náà, àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ ti dì nìyẹn. Bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, tí ẹ tọ́ ọ sọ́nà níbi tó ti ṣìṣe, kò sí nọ́ńbà kan tó yí padà nínú rẹ̀. Ohun tó jọ ìrántí lára rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń kó padà síwájú rẹ̀ nígbà tó bá tún fẹ́ dáhùn. Kó tó lè gbọ́n sí i ní tòótọ́, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní láti tún un kọ́. Òye tí kò lè dàgbà lẹ́nu iṣẹ́, ó ṣòro fún mi láti pè é ní gbogboogbò, bó ti wù kó fẹ̀ tó.

Ẹ̀kẹta ni pé kì í sábà mọ ìgbà tí kò mọ̀. Ní 2023, àwọn agbẹjọ́rò kan ní New York kó ẹjọ́ tí ChatGPT fúnra rẹ̀ hùmọ̀ lọ síwájú adájọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹjọ́ àti ohun gbogbo tó yẹ kó bá a rìn. Adájọ́ bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń kọ irọ́ ló ṣe ń kọ òótọ́, ohùn rẹ̀ kò yí padà.

François Chollet, olùwádìí AI, gbìyànjú láti ṣe ìdánwò tó ń wo ohun tí ènìyàn kò lè há sórí. Ní 2019 ló gbé e jáde, ARC lorúkọ rẹ̀. Àpótí kéékèèké aláwọ̀ ni wọ́n máa ń tò síwájú yín. Ẹ óò rí àpẹẹrẹ díẹ̀ bí wọ́n ṣe yí àwòrán kan padà sí òmíràn, ẹ óò wá òfin tó wà níbẹ̀, ẹ óò sì lò ó lórí àwòrán tuntun. Òfin ìbéèrè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, nítorí náà há-sórí kò wúlò. Àwọn ènìyàn máa ń rí i ṣe láìsí wàhálà púpọ̀. GPT-3 gba òdo. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ẹ̀rọ OpenAI kan tó ń jẹ́ o3 gba ìdá 75.7 nínú 100, ó sì gba 87.5 nígbà tí wọ́n jẹ́ kó lo agbára kọ̀ǹpútà tó pọ̀ rẹpẹtẹ. Chollet gbà pé ohun ńlá ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní AGI kọ́ nìyẹn, torí àwọn ìbéèrè kan tó rọrùn gan-an ṣì ń gbé e ṣubú. Lóṣù Kẹta ọdún 2025 wọ́n gbé ẹ̀dà kejì jáde, máàkì àwọn ẹ̀rọ sì já wá sí ohun tí kò tó 10 nínú 100. Láti ìgbà náà, ó ti tún ń gòkè.

Bí ẹ bá bi mí, ohun èlò tó wúlò jù láti fi to gbogbo èyí ni tábìlì tí àwọn olùwádìí Google DeepMind gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Wọ́n ya ohun méjì tí a máa ń dà pọ̀ sọ́tọ̀: bí ẹ̀rọ ṣe mọ iṣẹ́ tó, àti bí ohun tó mọ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ní ìhà oníṣẹ́ kan, wọ́n fi AlphaFold sí òkè pátápátá, níbi tó ti ju gbogbo ènìyàn lọ. Deep Blue àti AlphaGo wà ní ipele tó tẹ̀ lé e. Ní ìhà gbogboogbò, ChatGPT wà ní ipele àkọ́kọ́, ti ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, àwọn ipele tó wà lókè rẹ̀ sì ṣófo nígbà náà. Ẹ ò ní nílò láti gba gbogbo ohun tó wà nínú tábìlì náà gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí a rí i pé bí ẹ̀rọ bá borí nínú iṣẹ́ kan, ó gòkè ni, kò fẹ̀. Bó bá sì mọ díẹ̀díẹ̀ nínú ohun gbogbo, ó fẹ̀ ni, ó lè má tíì gòkè.

Yann LeCun, tí òun náà jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ yìí, ní orúkọ AGI gan-an kò tọ́, torí òye ènìyàn fúnra rẹ̀ kì í ṣe gbogboogbò. Ohun tí ayé ń béèrè lọ́wọ́ wa ni ọpọlọ wa mọ̀. Ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n òye wa fẹ̀ ju ti Deep Blue lọ débi pé orúkọ náà ṣì wúlò fún mi.

Ìtumọ̀ AGI ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan, owó ti wọ̀ ọ́. Nínú ìwé ìlànà tí OpenAI gbé jáde ní 2018, AGI ni ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́, tó sì ju ènìyàn lọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ń mówó wọlé. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe fi iṣẹ́ àti owó wọ̀n ọ́n, wọn ò mẹ́nu ba òye rárá. Lẹ́yìn tí Microsoft kó bílíọ̀nù kan dọ́là sínú OpenAI ní 2019, àdéhùn wọn wá ní gbólóhùn kan nínú pé ẹ̀tọ́ tí Microsoft ní kò ní kan AGI, ìgbìmọ̀ OpenAI ni yóò sì sọ ìgbà tó bá dé. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2025 wọ́n tún àdéhùn náà ṣe: bí OpenAI bá ní AGI ti dé, àwọn onímọ̀ tó dá dúró ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń sọ fún yín pé AGI ti kù sí dẹ̀dẹ̀ lè ní ìdí tirẹ̀ tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìgbà tí yóò dé, Herbert Simon, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú ìmọ̀ AI, kọ ọ́ ní 1965 pé láàárín 20 ọdún ẹ̀rọ yóò lè ṣe iṣẹ́ yòówù tí ènìyàn lè ṣe. 1985 dé, ó kọjá. Lónìí, àwọn olórí ilé-iṣẹ́ AI kan ní ọdún mélòó kan ló kù. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní ìlànà tí a ń lò báyìí kò lè gbé wa débẹ̀ láéláé. Kí ẹ tó gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn, ẹ bi í léèrè irú ẹ̀rọ tó ń sọ. Ẹnì kan lè ní lọ́kàn ẹ̀rọ tó lè jókòó ti kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹlòmíràn lè máa sọ nípa èyí tí yóò wọ ilé àjèjì lọ po kọfí, tí yóò sì mọ ọ́n pò dáadáa sí i lọ́la nítorí ohun tó kọ́ lónìí. Bí ti ẹni àkọ́kọ́ bá dé tí ti ẹnìkejì kò dé, àwọn méjèèjì yóò ṣì máa jiyàn bóyá AGI ti dé, kò sì ní sí ẹni tó purọ́ nínú wọn.